Ìdí Tí Kánò Fi Kọ Àjẹsára Nígbà Kan, àti Bó Ṣe Padà Gbà Á

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó ń gbé Kánò àti gbogbo òkè Ọya, ẹ gbọ́ o.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ariwo kan wà láàárín wa tí kò tíì rọlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ ní ọjà Singa, ẹ ó gbọ́ ọ ní Kantin Kwari, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: "Wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di àgàn ni." Àwọn ìyá kan tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé bí àwọn nọ́ọ̀sì bá dé ilé ìwé, kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé sá wá sílé.

Àwa tí a ti pẹ́ nílùú yìí, gbólóhùn yẹn kò ṣàjèjì létí wa. Ohun kan náà gan-an ni wọ́n sọ ní Kánò ní ọdún 2003 nípa oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́mọ báyìí, ọmọdé ni wọ́n nígbà yẹn, àwọn mìíràn ò sì tíì dé Kánò rárá. Ẹ jẹ́ ká pìtàn náà bó ṣe jẹ́, kó má di pé à ń tún ọ̀nà kan náà rìn láìmọ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jẹ́. Kòkòrò kan ló ń fà á, inú ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí ló ń gbà dé ẹnu ọmọdé. Nínú nǹkan bí 200 ọmọ tí kòkòrò náà wọ̀ lára, ẹyọ kan péré ló máa ń rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù á dà bíi pé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n á máa kó o ran ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ tó bá ti rọ kò lóògùn. Àwọn Hausa ń pè é ní "shan inna", wọ́n gbà láyé àtijọ́ pé iwin kan tó ń jẹ́ Inna ló mu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ẹ̀yin náà rí àwọn tó ń fi ọwọ́ wọ́ ara wọn lórí pákó ní oríta, tàbí tí wọ́n ń fọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àrùn yìí ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 1988 tí gbogbo ayé pinnu láti lé e lọ, ó lé ní 350,000 ọmọ tó ń rọ lọ́dọọdún. Ẹ̀kán oògùn méjì lẹ́nu ọmọ ló sì ń dènà rẹ̀.

Ó dáa, kí ló dé tí àwọn ará Kánò fi wá kọ̀ ọ́? Àwọn kan á ní àìmọ̀wé ni. Irọ́ ni o. Ẹni tó léwájú àwọn tó ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró, Dókítà Ibrahim Datti Ahmed, dókítà oníṣègùn òyìnbó gidi ni. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà jìn ju ìwé lọ.

Ẹ padà sí ọdún 1996. Ní ọdún yẹn, àrùn yírùnyírùn, tí Hausa ń pè ní sankarau, jà ní òkè Ọya bí iná ọyẹ́. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó kó o ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 10,000 tó bá a lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn tó ń ràn ní Kánò kún débi pé ìta ni wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí. Ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Pfizer dé pẹ̀lú oògùn tuntun kan, Trovan, tí wọn ò tíì máa tà lọ́jà níbì kankan. Wọ́n mú nǹkan bí 200 ọmọ. Wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 yòókù ní oògùn mìíràn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Ọmọ 11 ló kú: márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn mìíràn yè, ṣùgbọ́n etí wọn di, tàbí wọ́n rọ.

Ilé iṣẹ́ náà ní yírùnyírùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn, pé àwọn sì gbàṣẹ lẹ́nu àwọn òbí. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ohun tó ń dun èèyàn jù ni pé inú àgbàlá ilé ìwòsàn kan náà ni àwọn dókítà ẹlẹ́yinjú àánú láti òkè òkun ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn tí a ti mọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Trovan fún àgbàlagbà nìkan, kò fọwọ́ sí i fún ọmọdé rí. Ní 1999 wọ́n tún fòfin dín lílò rẹ̀ kù torí ó ń ba ẹ̀dọ̀ èèyàn jẹ́. Ìparí ọdún 2000 ni ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan, Washington Post, tú àṣírí ọ̀rọ̀ Kánò síta. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò, síbẹ̀ kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ wá wò ó bí ọlọ́jà. Bí ẹnì kan bá ta ọjà gbàrọgùdù fún yín lónìí, tó tún wá kanlẹ̀kùn yín lọ́la pé òun gbé òmíràn dé, ọ̀fẹ́ ni tọ̀tẹ̀ yìí, ṣé ẹ ó gbà á? Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí alángbá, á sá. Ẹjọ́ Trovan ṣì ń gbóná nígbà tí àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé.

Ohun mìíràn tún ràn án lọ́wọ́. Ní 1988, ìjọba ológun ti sọ pé ọmọ mẹ́rin ti tó fún obìnrin kan. Àwọn èèyàn ò gbàgbé. Ogun Afghanistan àti ti Iraq tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì ń wo ohunkóhun tó bá ti Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú ìfura. Èyí tó wá tojú sú àwọn ìyá ni pé bí ibà bá ń pa ọmọ wọn, wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọn ò rí parasítámọ́ọ̀ gbà láìsanwó. Ṣùgbọ́n àrùn tí ọmọ ò ní, wọ́n ń gbé oògùn rẹ̀ wá bá wọn nílé lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Wọ́n ní: "Kí ló dé tí ìfẹ́ yìí pọ̀ tó báyìí?" Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di 2003. Wọ́n ní wọ́n fi ohun tó ń sọni di àgàn sínú oògùn náà, wọ́n ní kòkòrò éèdì wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ mélòó kan ní òkè Ọya dá a dúró. Àwọn yòókù ò pẹ́ tí wọ́n fi padà, ṣùgbọ́n Kánò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Nílé, Sábó ni àwọn Hausa ń gbé láàárín wa. Níbí, àwa la wà ní Sabon Gari láàárín wọn. Ohun tí wọ́n bá ń sọ lójúde, inú ilé wa ló ń wọ̀. Àwọn kan nínú wa tẹ̀lé wọn. Àwọn mìíràn dúró dìgbà tí wọ́n lọ ọdún nílé, wọ́n gbé ọmọ lọ gba ẹ̀kán oògùn ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ dákẹ́, torí àlejò kì í fẹ́ kí ẹnu òun tóbi ju ti onílé lọ.

Ṣùgbọ́n àrùn ò mọ onílé, kò mọ àlejò. Kòkòrò náà wọ ọkọ̀ bí èrò ṣe ń wọ ọkọ̀. Èkó tí ó ti kúrò tẹ́lẹ̀, ó tún padà sí i ní 2003. Ó dé Benin, ó dé Togo, ó dé Ghana, Burkina Faso àti Chad. Láàárín ọdún mélòó kan, nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè ló rí kòkòrò tó ti Nàìjíríà lọ, títí dé Sudan àti Yemen.

Báwo ni ìjà náà ṣe parí? Wọ́n kó oògùn lọ yẹ̀ wò ní òkè òkun, ti àwọn onímọ̀ ìjọba àpapọ̀ lọ́tọ̀, ti Kánò lọ́tọ̀. Ẹnu ò kò. Nígbà tó di 2004, Kánò ní òun á gba oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, torí orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni. Ní ìparí oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Gómìnà Ibrahim Shekarau jẹ́ kí wọ́n kán an sẹ́nu ọmọ tirẹ̀ níta gbangba. Ẹ wá gbọ́ o: ní 2005, Indonesia tó ṣe oògùn yẹn, tí kò rí àrùn náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọmọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ kòkòrò náà wò, Nàìjíríà ni wọ́n tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé.

Níbí, a fẹ́ bẹ ẹ̀yin tó máa ń fi Hausa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ilé. Ṣé a ti gbàgbé Olóde? Àrùn tí a ò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí à ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná, ó pa àwọn baba ńlá wa lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí òyìnbó gbé àjẹsára rẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá fún un. Àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀npọ̀nná ni wọ́n ń sá tọ̀. Dókítà Oguntola Sapara, Yorùbá tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, ló wọ inú ẹgbẹ́ awo náà lọ ní Èkó láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó jáde wá, ó ní àwọn kan níbẹ̀ ń fi èépá ara aláìsàn kó àrùn ran ẹni tí ò ṣàìsàn. Ìjọba wá fòfin de ẹgbẹ́ náà. Sapara kì í ṣe àjèjì, ó mọ èdè, ó mọ àṣà, ìdí nìyẹn tó fi rọ́nà wọlé.

Ohun tó wá parí àrùn náà ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà wa níbí. Ní ìparí 1966, ní agbègbè Ogoja, oògùn tó wà nílẹ̀ kò tó gbogbo èèyàn. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n wá ibi tí aláìsàn wà, kí wọ́n sì gún àwọn tó yí i ká. Bí ẹni tó gé igbó yí iná ká ni. Àrùn náà kú níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé wá tẹ̀ lé. Ọdún 1970 ni a rí èyí tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 1980 wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Ẹ wo apá àwọn àgbàlagbà wa, ẹ ó rí àpá àjẹsára yẹn níbẹ̀. Òun ló jẹ́ ká dá wọn bá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kánò. Lẹ́yìn 2004, àṣẹ ti wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ní 2006 nìkan, ó lé ní 1,100 ọmọ tó rọ ní Nàìjíríà, òkè Ọya ni púpọ̀ wọn wà. Ìjọba wá rí i pé ọlọ́pàá àti ìkéde rédíò kò lè ṣe é. Ohun mẹ́ta ló ṣe é.

Àkọ́kọ́, àwọn tí aráàlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu dìde. Láti 2009, àwọn ọba òkè Ọya, lábẹ́ Sultan ti Sókótó, gbé iṣẹ́ náà sọ́rùn. Ọba sọ fún àwọn olóyè ìlú, wọ́n sọ fún mai unguwa, òun náà sì mọ ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn lémọ́ọ̀mù sọ ọ́ nínú wáàsí.

Ìkejì, obìnrin àdúgbò ni wọ́n ń rán. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin àjèjì ò lè wọ ilé eléhàá. Ìyá tí àwọn ìyá mọ̀, tó ń bá wọn ra omi níbi kan náà, tí òun náà ti kán oògùn sẹ́nu ọmọ tirẹ̀, òun ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún. Àwọn tí àrùn náà ti rọ lẹ́sẹ̀ náà ń bá wọn kiri. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fọwọ́ wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ tó ní "má jẹ́ kí ọmọ rẹ dà bí èmi", kí lo fẹ́ sọ?

Ìkẹta, wọ́n fi nǹkan mìíràn kún un: oògùn aràn, àpò ẹ̀fọn, àjẹsára mìíràn, ìtọ́jú àìsàn tó ń ṣe ọmọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá tó gbà pé ọ̀rọ̀ ọmọ wọn jẹ wọ́n lógún.

Ẹ̀jẹ̀ wà lórí iṣẹ́ náà o. Ní oṣù kejì 2013, níbí ní Kánò, àwọn agbébọn yìnbọn pa obìnrin mẹ́sàn-án tó ń ṣiṣẹ́ àjẹsára ní ibi méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èèyàn ò gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tún jáde lẹ́yìn náà. Ní 2016, Borno ni a ti rí ọmọ tó kẹ́yìn, ìgbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ká sọ òótọ́ tó kù. Oríṣi kan ṣì wà. Kòkòrò tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀kán oògùn náà. Bó bá dé àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò tíì gba oògùn, tí ibẹ̀ sì dọ̀tí, ó lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí òmíràn títí á fi tún lágbára. Láti 2021, Nàìjíríà ti ń lo oògùn tuntun tí wọ́n ṣe kó má tètè yí padà bẹ́ẹ̀. Ibi tí gbogbo ọmọ bá ti gba àjẹsára, kòkòrò yìí ò ríbi dúró sí.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ń pa nǹkan bí 8,000 obìnrin ní Nàìjíríà lọ́dún kan. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, àárín ọkùnrin àti obìnrin ló sì ń gbà ràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún un fún ọmọ ọdún 9 sí 14, kí kòkòrò náà tó ráyè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, owó ò sí níbẹ̀. Ṣé ìdánwò bíi ti Trovan ni? Rárá o. Láti 2006 ni wọ́n ti ń gún un ní Amẹ́ríkà. Láti 2008, àwọn ọmọbìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà á níléèwé, ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yẹn ti dàgbà, wọ́n ti lọ́kọ, wọ́n sì ti bímọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn tí àjẹsára kàn ní ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ yìí fi 87 dín nínú 100. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́hùn-ún, ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó dun àwọn òbí 1996 jù ni pé ẹnikẹ́ni ò bá wọn sọ̀rọ̀ tó yé wọn. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ abẹ́rẹ́ náà, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ gba káàdì, ẹ béèrè ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ kò ní bínú.

Ìkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa, ṣọ́ọ̀ṣì wa àti mọ́sáláṣí wa má dúró de ìjọba. A ní nọ́ọ̀sì, a ní agbẹ̀bí tó jẹ́ ọmọ wa, tó ń sọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sí ìpàdé wa, kí àwọn ìyá béèrè tinú wọn. Ìyá tó bá sì ti mú ọmọ tirẹ̀ lọ, kó dìde sọ ọ́ létí ìgbìmọ̀. Ohun tó ṣílẹ̀kùn Kánò nìyẹn, ẹnu ẹni tí a mọ̀.

Àwa tó ta ọjà jẹun mọ̀ pé oníbàárà tí a ti rẹ́ jẹ kì í tètè padà. Kánò lo ọ̀pọ̀ ọdún láti tún ohun tó bàjẹ́ ní 2003 ṣe, àwọn ọmọ tó rọ láàárín ìgbà náà sì ń bẹ lóríta títí dòní. A ò gbọdọ̀ fi àwọn ọmọbìnrin wa san irú gbèsè yẹn.

Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà tó wà ní Kánò nígbà náà, pàápàá ẹ̀yin ìyá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Sókótó àti Màídúgùrì. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa o. Àṣẹ.